Agolo Tí Leah Ń Sá Sóòrùn

Baba Lazarus Ajíbádé jẹ iyán tán lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ìrókò, ó ní kí wọ́n fún òun lómi. Kí omi tó dé, ó ti kú. Kò ṣàìsàn, kò kérora. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnu ayé ti rí ẹni tó pa á: Leah, ìyàwó rẹ̀ kejì, arúgbó tí kò bímọ rí. Obìnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún gúnyán fún ọkọ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló wá rántí májèlé! Ẹ ò rí ayé lóde?

Ohun tó dá kún un ni agolo bisikíìtì kan tí Leah kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ní gbogbo Sátidé, yóò gbé e sẹ́yìn ilé, yóò ṣí i sóòrùn, yóò jókòó tì í. Bí èèyàn bá yọ, yóò yára dé e. Olúrẹ̀mí, ọmọ ìyáálé tó ti kú, ti gbọ́ tí nǹkan ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n sin bàbá, òwìwí bà sórí òrùlé lọ́sàn-án gangan, oyún Olúrẹ̀mí sì bàjẹ́.

“Ẹyẹ rẹ̀ ló wà nínú agolo yẹn,” ló sọ fún Akíntáyọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Olúmúyìwá, àbúrò bàbá wọn, ló mú wòlíì kan wá láti Ọlọ́runṣògo. Wòlíì mi agolo, ó fetí sí i, ó gbọ̀n rìrì.

“Ẹ má ṣí i o! Ẹni tó bá rí ohun tó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ á fọ́. Ẹ sun ún bó ṣe wà.”

Leah kúnlẹ̀ fún àwọn ọmọ tó tọ́. “Akíntáyọ̀, ìwé bàbá yín ni. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ kà á títí di ogójì ọjọ́ ikú wọn. Káńfọ̀ tí mo kó sí i torí ikán ló ń dún, torí ẹ̀ náà ni mo ṣe ń sá a sóòrùn. Ẹ ṣí i!”

“Oyún mi ò tó ọ, ojú wa lo tún fẹ́ fọ́?” Ọjọ́ yẹn ni Olúrẹ̀mí kọ́kọ́ pè é ní ìwọ.

Wọ́n sọ agolo sínú iná títí ó fi pọ́n. Ẹyẹ kankan kò fò jáde. Òórùn káńfọ̀ ló gba gbogbo àgbàlá, gbogbo wọn ló sì gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ogójì, Tíṣà Sanmí dé láti Akínyẹlé. Ó ní òun ṣe ẹlẹ́rìí sí ìwé ìhágún bàbá, kí wọ́n gbé agolo wá. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé àwọn ti sun ún, ó gbá orí mú.

“Lọ́yà tó bá bàbá yín ṣe ìwé náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ẹ̀dà kan sí kóòtù. Wọ́n ní àwọn ò ní gbé ọ̀rọ̀ ilé àwọn lọ kóòtù. Ẹ̀yin ọmọ ni wọ́n kọ ilé yìí àti oko fún, kí Màmá Leah sì máa gbé yàrá wọn títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.”

Olúmúyìwá rẹ́rìn-ín. “Tíṣà, ẹnu lásán nìyẹn. Ìwé dà? Ilẹ̀ ẹbí ni ilẹ̀ yìí. Kí àwọn ọmọ palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.”

Olúrẹ̀mí wò ó, ó rántí ẹni tó mú wòlíì wá. Inú rẹ̀ bà jẹ́ kọjá sísọ. Ó sáré wọ yàrá Leah, ó bá a níbi tó ti ń di báàgì rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

“Màmá, ẹ dárí jì mí! Ẹ̀yin nìkan lẹ wà pẹ̀lú bàbá lọ́jọ́ tí wọ́n ra ilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jẹ́rìí fún wa níwájú ẹbí.”

Leah fa ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, ó gbé báàgì sórí.

“Olúrẹ̀mí, gbogbo Ìrókò lẹ sọ fún pé àjẹ́ ni mí. Ta ló fẹ́ gba ẹ̀rí àjẹ́ gbọ́?”