Òrùlé Abìyẹ́ Oyèbísí

Ní ọdún 2154, òkè ilé kan wú ní ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Amọ̀ atẹ̀léjú ni wọ́n fi mọ ọ́n. Ohunkóhun tí ojú àwọn tó jókòó sínú ilé náà bá ń wò jù lọ ni amọ̀ yìí máa ń sọ ara rẹ̀ dà, díẹ̀díẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Fadérera ló ṣe é, ó sì fi ṣí ilé ìjẹun kan. Kò wá rí ibòmíràn kọ́ ọ sí ju iwájú ilé ìjẹun Oyèbísí gan-an.

Kí n má purọ́, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Oyèbísí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ilé tirẹ̀, láti inú àwòrán àwọn ilé ẹ̀bá títì ti igba ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ọ̀mọlé ń fojú inú wo ayé ọjọ́ iwájú: ògiri onígíláàsì, ìràwọ̀ onírin lórí òpó gíga, àti òrùlé tó na apá méjì sókè bí àwòdì tó fẹ́ fò. Tẹ́lẹ̀, kò sí ọkọ̀ aléfòó tó ń kọjá tí kì í yà jẹ dòdò níbẹ̀. Nísinsìnyí, òdìkejì ni gbogbo wọn ń yà sí.

Oyèbísí a dúró lẹ́yìn gíláàsì, a máa ka ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. “Méje lọ́hùn-ún, ẹyọ kan lọ́dọ̀ mi! Kí ló wà lára ẹrẹ̀ yẹn ná?” Òkè ilé tó ń wú yẹn gan-an, fáàrí ló pè é. Oúnjẹ tó ń sè kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Fadérera wá kí i, bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n tó bá lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wá. Ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni Oyèbísí sá sí, tó ní kí àwọn ọmọṣẹ́ òun sọ pé òun ò sí nílé.

“Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bi wọ́n,” ni Fadérera wí.

Oyèbísí gbọ́ ọ ketekete. Ó yọ ṣùtì. “Kó lọ bi ẹrẹ̀ rẹ̀.”

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pe Bàbá Ògúnmọ́lá, ajórin-mọ́rin tó bá bàbá rẹ̀ ṣe òrùlé náà, pé kó wá gé e. Ó fẹ́ fi amọ̀ atẹ̀léjú rọ́pò rẹ̀.

“Oyèbísí, ọdún méjì gbáko lèmi àti bàbá ẹ fi jó irin yìí. Ta ló sọ fún ẹ pé wọn ò wò ó mọ́?”

“Ṣé ẹ ò rí ibi tí wọ́n ń páàkì sí ni, Bàbá? Ẹ bá mi gé e.”

Ó gé e. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gé e.

Bí apá kejì ṣe balẹ̀, Oyèbísí yíjú sódìkejì kó lè mọ̀ bóyá Fadérera rí i. Fadérera ti ń sáré bọ̀ lórí títì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ilẹ̀kùn tí Oyèbísí máa sá sẹ́yìn ẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ṣe yìí?” Ó kúnlẹ̀ sáàárín irin. “Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi yín rèé. Báwọn èrò bá ti jókòó sójú fèrèsé mi, òrùlé yín ni wọ́n ń wò. Amọ̀ mi ò gbà kó kọ́ nǹkan mìíràn. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń jowú yín. Mo fẹ́ bẹ̀ yín kẹ́ ẹ kọ́ mi bí bàbá yín ṣe ṣe é.”

Oyèbísí gbójú sókè. Lórí ilé Fadérera, apá kan ti nà tán. Ìkejì kò tíì kọjá èjìká.

“Ṣé amọ̀ náà ò lè parí ẹ̀?” ni Oyèbísí bi í.

“Kí ni wọn óò máa wò, Ẹ̀gbọ́n?”

Òkìtì irin ni àwọn èrò inú ilé ìjẹun Fadérera ń wò. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí apá amọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀, tó ń di òkìtì. Oyèbísí rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin bàbá rẹ̀ kúrò lójú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.