Ẹran Ọbẹ̀ Màmá Kúnbi

"Ẹ jọ̀ọ́, yàtọ̀ sí ewúrẹ́, kí ló tún ń jẹ pòròpórò àgbàdo?"

Ọkùnrin kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ láàárín ọjà Kuje lọ́dún 2015. Aṣọ funfun bíi ti dókítà ló wọ̀, ó sì ru àpò pòròpórò. Kúnbi, tó wá ra tòmátì, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ṣé kò sí o?"

"Láníyì lorúkọ mi. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe."

Ó fẹ́ sọ pòròpórò di epo tí mọ́tò ń mu. Ṣúgà wà nínú rẹ̀, ó ní, àfi bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé. Ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ohun abẹ̀mí fi ń tú oúnjẹ palẹ̀, ló lè ṣílẹ̀kùn. Èyí tó le tó ni kò tíì rí, ló ṣe ń wá ohun tó ń jẹ pòròpórò.

Kúnbi gbọ́ ìlàjì. Ojú rẹ̀ ló ń wò.

Kí oṣù mélòó kan tó pé, wọn ò lè ṣe kí wọ́n má ríra. Bàbá Kúnbi, ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò gbà.

"Ọmọ yunifásítì, pàǹtí lò ń kó kiri? Ọjọ́ tó o bá rí ìdáhùn ìbéèrè rẹ ni kó o wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ mi. Kó tó dìgbà náà, oúnjẹ nìkan ni wàá rí níbí."

Oúnjẹ náà kò burú. Ní gbogbo Sọ́ńdè, Màmá Kúnbi a gbé iyán àti ẹ̀gúsí kalẹ̀.

"Mà, ẹran yìí mà rọ̀ o!"

Màmá a wo Kúnbi, Kúnbi a fọwọ́ bo ẹnu. Láníyì, tó lè bi òkúta Mpape ní ìbéèrè, kò jẹ́ béèrè ẹran kí ni. Ẹni tó ń wá ìyàwó kì í wádìí ọbẹ̀ àna.

Ní Sọ́ńdè kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

"Kúnbi mi, pòròpórò ti ṣẹ́gun mi. Bàbá á fi ọ́ fún ẹlòmíì."

"Ẹlòmíì wo? Ta ló máa pa mí lẹ́rìn-ín bíi tìẹ?"

Màmá gbé abọ́, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

"Mà, ṣé kí n bá yín gbé e?"

"Rárá, ọmọ mi. Ẹran ọbẹ̀ ni mo fẹ́ lọ já."

"Ẹ fẹ́ lọ já ẹran?" Láníyì fò dìde, ó tẹ̀ lé e.

Lórí òkìtì pòròpórò oko Bàbá, olú funfun hù jọ bí etí ọmọdé. Láníyì fọwọ́ kan pòròpórò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fọ́ wẹ́wẹ́ bíi búrẹ́dì inú tíì. Láníyì nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ kó lè rí i dáadáa.

Bàbá yọrí lójú fèrèsé. "Ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Mo ti rí ìdáhùn, sà! Olú ló ń jẹ ẹ́!"

"Ìwọ náà sì ń jẹ olú ní gbogbo Sọ́ńdè," ni Kúnbi wí.

Bàbá fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín kò jẹ́.

"Kọrí síbí, jàre. Èmi ni bàbá ìyàwó, kì í ṣe olú."