Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Ó Fẹ́ Gbé Sọnù

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀wọ́ má tíì ká a sápò. Jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin kan ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kò sì dùn ún gbọ́.

Aṣaralóge ni obìnrin náà. Dígí ńlá kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, láti òkè délẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Àǹtí Dígí. Kò sí àpá tí kò lè fi àtíkè bò. Ojú tó sunkún mọ́jú, ojú tí ọkọ lù, bó bá ti fi fóòmù ìkunjú rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó parí, ayé ò ní mọ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé: OJÚ KAN, FÓÒMÙ KAN. Irọ́ gbuu! Fóòmù kan náà ló fi ń kun ojú ẹni mẹ́wàá lójúmọ́, á kàn nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀ ni.

Ojú kan ṣoṣo ni kò rí bò, ojú tirẹ̀ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún rọ̀bọ̀tọ̀, ẹran àgbọ̀n rẹ̀ sì ṣẹ́po méjì. Ìyá rẹ̀ ló fi jọ.

Alágbàfọ̀ ni ìyá yìí. Ọṣẹ àti omi ló fi tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, títí ọṣẹ fi jẹ ìka rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú bàtà jíjá, ó gbé aṣọ tó ti lọ̀ fún ọmọ rẹ̀ dání. Oníbàárà kan wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀.

"Àǹtí Dígí, ẹ̀yin méjèèjì mà jọra o! Ṣé màmá yín nìyí?"

Àǹtí Dígí rẹ́rìn-ín. "Màmá kẹ̀? Ìyá tó máa ń bá mi gbálẹ̀ ni."

Yéè! Ó sọ ọ́, ìyá rẹ̀ sì gbọ́. Ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ tónítóní, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò padà wá mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Àǹtí Dígí ò lè wo dígí rẹ̀ pẹ́. Bó bá ti wò ó, ìyá rẹ̀ ló ń wò ó padà. Kàkà kó lọ tọrọ àforíjì, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí ló máa lọ. Ó gbọ́ pé dókítà kan ń fa ọ̀rá ojú jáde.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, onígbàgbọ́ ni. Ó ti gbọ́ bí Àǹtí Dígí ṣe sẹ́ ìyá rẹ̀, ó sì bá a sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ọ̀rá ló ń dà ọ́ láàmú. Ọkàn rẹ ló ń dá ọ lẹ́bi. Dókítà ò lè fa ẹ̀ṣẹ̀ jáde o, Jésù nìkan ló lè wẹ̀ ọ́."

"Pásítọ̀ onímáṣíìnì!" ló fi dá a lóhùn. "Jọ̀ọ́, lọ parí búláòsì tó wà lọ́wọ́ rẹ."

Dókítà náà kò tàn án. Ó ní, "Màá lu ihò kéékèèké sábẹ́ àgbọ̀n yín àti sẹ́yìn etí, màá ki ọ̀pá tínrín bọ̀ ọ́, màá fi fa ọ̀rá jáde. Ojú yín á wú, á dúdú bí ojú ẹni tí wọ́n lù. Ara ibì kan lè kú fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ ò gbọdọ̀ tú báńdéèjì kí n tó ní kí ẹ tú u. Ẹ má fi àtíkè kan ojú egbò rárá. Bí ibà bá gbé yín, ẹ sáré wá. Oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí ẹ tó mọ bí ojú yín ṣe máa rí."

Àǹtí Dígí ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún wọlé, ó gba tòsì jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara kú. Kò dùn ún, àmọ́ ó ń gbọ́ bí ọ̀pá náà ṣe ń họ abẹ́ awọ rẹ̀. Ó rí ọ̀rá tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú ìgò. Ọkàn rẹ̀ ní, "Ìyá rẹ nìyẹn." Ó yára di ojú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, oníbàárà ńlá kan ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ojú tì í. Ó tú báńdéèjì, ó mú fóòmù tó ti kan ọgọ́rùn-ún ojú, ó bu àtíkè, ó sì fi bo ibi tó dúdú àti egbò tútù mọ́lẹ̀ papọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òtútù ń mú un gbọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì gbóná bí iná. Ǹjẹ́ ó sáré lọ bá dókítà? Rárá o. Ó tún bu àtíkè sí i.

Ní ọjọ́ kẹfà, aránṣọ bá a nílẹ̀ níwájú dígí rẹ̀. Àgbọ̀n rẹ̀ ti wú dí ẹnu, ọyún sì ń gba inú àtíkè jáde.

Ní ọsibítù, dókítà wò ó, ó mi orí. "Kòkòrò ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. A máa gé e kí ọyún lè jáde, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí. Ẹ pe àwọn ará ilé rẹ̀."

Àǹtí Dígí gbọ́ ọ! Ẹ̀rù bà á dé egungun. Bí òun bá kú báyìí, ojú wo lòun máa gbé dé iwájú Ọlọ́run? Aránṣọ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọlọ́run kì í wo ojú, ọ̀rẹ́ mi, ọkàn ló ń wò. Èyí tó o bò ló ń pa ọ́. Èyí tó o bá jẹ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ Jésù á wẹ̀ ẹ́ nù." Àǹtí Dígí fẹ́ gbàdúrà, àdúrà ò wá.

Ìgbà náà ni ìyá rẹ̀, tí aránṣọ ti ránṣẹ́ sí, yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìdí ìró rẹ̀ ṣì tutù, ìdí aṣọ fífọ̀ ló ti sáré wá. Nọ́ọ̀sì dá a dúró.

"Màmá, ẹbí nìkan la ń gbà láyè. Kí lẹ jẹ́ sí aláìsàn yìí?"

Ìyá wo ọmọ rẹ̀, ó tẹ orí ba. "Èmi ni mo máa ń bá wọn gbálẹ̀."

Háà! Ìyá yìí ṣì ń bo àṣírí ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju abẹ́rẹ́ dókítà lọ. Ó fi tipátipá la ẹnu tí kò fẹ́ là mọ́.

"Irọ́ ni! Ìyá mi ni. Ìyá mi ni wọ́n! Èmi ni mo sẹ́ wọn. Màámi, ẹ dárí jì mí. Ọlọ́run, mo ti ṣẹ̀ ọ́, gbà mí nítorí Jésù!"

Ìyá ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. "Ọmọ mi, kí n tó gbálẹ̀ yẹn tán ni mo ti dárí jì ọ́." Wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rù ikú ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́.

Ó yè é. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì jìn wọnú, bó bá sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ kì í gbéra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ṣì jọ ti ìyá rẹ̀ díẹ̀. Ìyá ń jókòó sórí àga tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kò sì sí oníbàárà tó ń wọlé tí ọmọ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ sọ fún pé, "Ẹ kí màmá mi."

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí lò ń bò? Ta lo sẹ́? Ta lo rẹ́ jẹ? Ọkàn rẹ ti ń gbóná tipẹ́, o sì ń bu àtíkè sí i, ò ń rẹ́rìn-ín, ò ń lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí Dígí rí ọjọ́ kẹfà. Ta ló ṣèlérí rẹ̀ fún ọ? Jésù tó kú nítorí rẹ mọ ojú rẹ gan-an, ó sì ti ṣe tán láti dárí jì ọ́. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà yẹn, kí o sọ òtítọ́ fún un lónìí, nígbà tí ẹnu rẹ ṣì lè là.