Àyà Bàbá Grigore

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fara kanra. Ìtàn yìí ní orin díẹ̀, ó sì ní ẹkún.

Ní abúlé wa ní Románíà, dòjé gé Toader lọ́wọ́ nígbà tó ń gé koríko ẹran. Ruxandra, akẹ́kọ̀ọ́ dókítà tó wá kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn wa, ló rán an.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́?"

"Ó ń dùn mí gan-an. Àmọ́ má tètè rán an tán."

Ìfẹ́ bá wọlé, ó jókòó.

Grigore, bàbá Toader, fẹ́ràn Ruxandra bí ojú. Ṣùgbọ́n Saveta ìyàwó rẹ̀ fárígá: "Kó yege ìdánwò dókítà rẹ̀ ná. Tí kò bá yege, kó gbàgbé ọmọ mi."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Akẹ́kọ̀ọ́ á wo aláìsàn gidi, dókítà àgbà á jókòó sí igun yàrá, á máa ṣọ́ ọ. Grigore fúnra rẹ̀ ló lọ ṣe aláìsàn fún un.

"Orúnkún ló ń dùn mí, ìyàwó wa."

Ruxandra wo orúnkún náà, ó wò ó re.

"Àyà ńkọ́?" ni dókítà àgbà wí. Àgbàlagbà kì í wọ ilé ìwòsàn kí wọ́n má gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù.

Ruxandra nawọ́ sí bọ́tìnnì ẹ̀wù bàbá ọkọ. Ojú tì í, ó fà sẹ́yìn.

Grigore bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà, ṣé kí ìyàwó ilé mi wá máa wo ìhòòhò mi ni? Ara mi le koko!"

Ojú ti dókítà náà, torí ọmọ abúlé wa lòun náà. Kò fi dandan lé àyà mọ́, ó ní Ruxandra yege. A gbé orin:

*Ó yege o, ó yege,*
*Òun la ó gbé wọlé,*
*Kò síyàwó bíi tiwa!*

Kí koríko tó gbẹ, Grigore ṣubú lóko, ó kú. Àyà ti ń dùn ún tipẹ́. Ó fi pamọ́ ni, kí ìdánwò má baà le fún Ruxandra.

Níbi oúnjẹ òkú, Ruxandra kúnlẹ̀ níwájú Saveta. "Màmá, mi ò gbọ́ àyà wọn. Ojú ló tì mí."

Saveta bu oúnjẹ sáwo fún un. "Èmi náà ì bá bínú ká ní o bọ́ ẹ̀wù wọn. Dìde, jẹun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí ẹ, òkú wọn ni mò ń rí."

Ruxandra dìde. Ó ní òun ń padà sílùú, òun á ní kí wọ́n tún ìdánwò náà ṣe fóun.

Toader sáré tẹ̀ lé e dójú títì. "Ààyò mi, ṣé kí n dúró dè ẹ́?"

"Má dúró, olówó orí mi."

Bọ́ọ̀sì gbé e lọ.

Àwa jẹ àlìkámà olóyin, a jẹ ẹran inú ewé kábéèjì, a mu ọtí. Oúnjẹ Saveta dùn, kò sẹ́ni tí kò yó. A ṣàdúrà fún òkú, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ.