Àìsàn Ọjọ́bọ̀

"Igbákejì Ọ̀gá, àbí orí ń fọ́ ọ ni?"

Bàbá mi ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Mo ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán, mo ń de okùn bàtà lọ́wọ́. Mo gbójú sókè. Aṣọ iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kún orí tábìlì bámúbámú, gbogbo rẹ̀ hunjọ bí ojú arúgbó, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ni ín kó tó di ìrọ̀lẹ́. Orí kankan ò fọ́ mi. Àmọ́ mo mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí, mo sì mọ ìdáhùn rẹ̀.

"Ó ń fọ́ mi díẹ̀, Bàbá mi."

"Díẹ̀ kẹ̀? Ta ni orí í fọ́ díẹ̀? Bọ́ bàtà yẹn kíá."

Wọ́n fa pépà yọ, wọ́n fi ìkọ̀wé wọn tó rẹwà kọ ọ́ pé kí olùkọ́ jọ̀wọ́ má bínú, orí fífọ́ ò ní jẹ́ kí ọmọ àwọn wá lónìí. Ọ̀rẹ́ mi tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá láràárọ̀ ni wọ́n fi rán. Agogo là ń pe ọmọ náà, torí pé kò pẹ́ dé ibì kankan rí láyé ẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o," ó sì sáré lọ.

Alágbàfọ̀ ni bàbá mi. Iyàrá iwájú ni ṣọ́ọ̀bù, iyàrá ẹ̀yìn là ń sùn, okùn tí à ń sá aṣọ lé sì gba ẹ̀yìnkùlé já. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ọṣẹ àti aṣọ tútù lábẹ́ áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ṣe ló máa ń dà bíi pé mo tún wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí ooru bo gíláàsì fèrèsé, tí rédíò ń dá sọ̀rọ̀, tí bàbá mi sì ń bá aṣọ wí.

Wọ́n máa ń bá aṣọ wí lóòótọ́. Wọ́n á gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè, wọ́n á ní, "Wo eléyìí! Ahun lẹni tó ni ín. Wo bí àpò rẹ̀ ṣe tuntun, ọwọ́ ò wọ ibẹ̀ rí." Èmi á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí. Tó bá di agogo mọ́kànlá, a ó pa áyọ́ọ̀nù, a ó mu tíì pẹ̀lú búrẹ́dì, a ó máa wo àwọn tó ń kọjá lójú pópó. Kò sí irú kọ́là aṣọ tí mi ò mọ̀ ọ́n lọ̀. Ta ló máa wá fẹ́ràn ilé-ìwé, níbi tí wọn ò ti pè é ní igbákejì ẹnikẹ́ni?

Màmá mi ni igbákejì ọ̀gá tẹ́lẹ̀. Àìsàn ló pa wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, bí oyè náà ṣe bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Orí fífọ́ yẹn kọ́kọ́ máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Nígbà tó yá, ó di gbogbo Ọjọ́bọ̀. Nígbà tó tún yá, èmi gan-an ò dúró dè wọ́n mọ́. Tí olùkọ́ ìṣirò bá ti ní ìdánwò ránpẹ́ ń bọ̀, èmi ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ gbá orí mú. Bàbá mi á wò mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á fa pépà yọ.

"Ti orí yìí ti pọ̀ jù," wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. "Olùkọ́ yín á rò pé orí méjì lo ní. Jẹ́ ká mú inú rírun lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, eyín ló kàn."

A jọ fi ṣẹ̀rín ni. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan ń to àwọn ìwé wọ̀nyẹn jọ, tó sì ń gbà wọ́n gbọ́.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀ kan tó jẹ́ pé àyà dídùn ló kàn. Aago mẹ́ta ọ̀sán ti fẹ́ẹ́ lù. Mo ń lọ aṣọ nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, ni mo bá wo ojú fèrèsé, mo rí olùkọ́ kíláàsì wa, obìnrin gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Agogo ń tẹ̀ lé wọn, ó gbé àpò ọsàn dání.

"Bàbá mi, olùkọ́ wa!"

"Yéè! Sá wọlé! Dùbúlẹ̀!"

Mo fò wọ iyàrá, mo wọ abẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tòun ti sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Mo dijú. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń fi ohùn ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá kí wọn káàbọ̀. Olùkọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi níwájú orí.

"Ha! Ara ọmọ yìí gbóná o! Ó tún ń làágùn!"

Ooru áyọ́ọ̀nù ni, àmọ́ ta ló máa sọ? Agogo bú sẹ́kún. Ó gbé káàdì ńlá kan lé mi láyà. Gbogbo kíláàsì wa, àwa mẹ́rìndínlógójì, ló kọ orúkọ sí i, àfi èmi nìkan.

"Bàbá, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá oògùn ilé," olùkọ́ wí. "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù báyìí. Màá bá yín lọ."

Bàbá mi wúkọ́. "Ẹ ṣeun, tíṣà. Ó... ó ti ń dẹwọ́ díẹ̀."

Ìgbà náà ni mo gbóòórùn aṣọ tó ń jóná. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. "Áyọ́ọ̀nù!" ni mo ké. Mo ju bùláńkẹ́ẹ̀tì nù, mo fò kọjá lórí ẹsẹ̀ olùkọ́, mo sá dé ìdí tábìlì, mo gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, mo fa wáyà rẹ̀ yọ, mo da omi sí aṣọ náà. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo yíjú padà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró lẹ́nu ọ̀nà iyàrá, wọ́n ń wo aláìsàn.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ò tiẹ̀ pé ọdún kan.

Agogo ò sunkún mọ́. "A máa ń gbàdúrà fún ẹ láràárọ̀," ó ní. "Mo rò pé o fẹ́ kú ni." Ó gbé ọsàn sílẹ̀, ó jáde.

Olùkọ́ ò pariwo. Ohùn wọn tiẹ̀ rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bàbá, ọjọ́ mẹ́tàlélógójì lọmọ yín ti pa jẹ lọ́dún yìí. Ẹni tó bá pa ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ jẹ ò ní ṣe ìdánwò àṣekágbá, ṣe ló máa tún kíláàsì náà kà, àfi tó bá jẹ́ pé àìsàn ni. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń fi àwọn ìwé yín bẹ ọ̀gá ilé-ìwé wa. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ohun tó ń ṣe é fún wọn."

Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Tí mi ò bá ṣe ìdánwò yẹn, Agogo àti gbogbo ẹgbẹ́ mi á bọ́ sí kíláàsì tó gbẹ̀yìn, èmi á wá jókòó ti àwọn ọmọ tí mo ti ń rán níṣẹ́. Nígbà tó di ọ̀sán Sátidé, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Bàbá mi, ṣebí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ni oníbàárà yín. Ẹ bẹ ọ̀kan kó bá wa kọ ìwé pé mo ṣàìsàn lóòótọ́."

Aṣọ tó jóná yẹn ni wọ́n ń wò, ojú áyọ́ọ̀nù yà sí i láyà gàdàgbà. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní, "Màá rò ó." Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, a bá àwọn ìwé wa lórí tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ọ̀gá náà, àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú tó nípọn, wò mí. "Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?"

Mi ò jẹ́ kí ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti olùkọ́ wa tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Orí ni, sà. Àti àyà. Ìwé ọsibítù wà lọ́wọ́ bàbá mi."

Mo yíjú sí bàbá mi. Wọ́n ṣí fìlà.

"Ọ̀gá, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Irọ́ ni gbogbo èyí tó wà níwájú yín, èmi náà ni mo sì kọ́ ọmọ ní èyí tó pa tán yìí. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Èmi ni ara mi ò yá." Wọ́n wo fìlà ọwọ́ wọn. "Látìgbà tí ìyá ẹ̀ ti lọ, mi ò lè dá wà nínú ilé yẹn. Tó bá ti ń de bàtà láàárọ̀, àyà mi á máa já. Kì í ṣe torí iṣẹ́. Mo lè dá iṣẹ́ yẹn ṣe."

Mo búra, mi ò mọ̀. Gbogbo ìgbà yẹn, ọwọ́ mi ni mo rò pé wọ́n nílò.

Ọ̀gá ilé-ìwé kó àwọn ìwé náà jọ. "Ẹ kú àfẹ́kù, Bàbá. Àmọ́ bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tó máa wó sí. Ẹ̀yin ni àgbà ilé yẹn. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni ilé-ìwé, ọrùn yín sì ni kó dé ibẹ̀ wà. Ó máa tún kíláàsì náà kà."

Inú bí mi. Ọjọ́ mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi purọ́ nítorí mi, mi ò bínú. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sọ òtítọ́, mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun wọlé, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sìn mí dé ẹnu géètì láràárọ̀, òjò ìbáà rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, aṣọ nọ́ọ̀sì tún kún tábìlì, òde tutù, ìdánwò ìṣirò ń bọ̀. Ni mo bá fọwọ́ gbá orí mú.

"Orí ń fọ́ mi, Bàbá mi. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí."

"Kó máa fọ́ lọ sí ilé-ìwé. Tó bá dé ọ̀hún, kó kọ́ ìṣirò."

Ọjọ́ yẹn náà ni mo gbàgbé ìwé ìṣirò sílé. Nígbà ìsinmi, olùkọ́ ní kí n sáré lọ mú un wá. Mo yọ sí kọ́nà àdúgbò wa, mo rí bàbá mi. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, aṣọ tútù kan wà lọ́wọ́ wọn, omi ń kán láti ara rẹ̀ sí wọn lẹ́sẹ̀, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé-ìwé, àmọ́ mi ò rò pé wọ́n ń rí nǹkan kan.

Ó wù mí kí n sáré lọ bá wọn. Ó wù mí débi pé omi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, mi ò ní padà mọ́. Mo rọra yí padà, mo lọ gba ìyà ẹni tí kò mú ìwé wá. Láti ọjọ́ náà títí mo fi jáde ilé-ìwé, mi ò pa ọjọ́ kan jẹ mọ́.

Bàbá mi ti dolóògbé báyìí. Èmi náà ti di ìyá ọmọ, ilé mi sì máa ń dákẹ́ rọ́rọ́ tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ tí ẹ bá pa jẹ ti lọ nìyẹn, ẹni yòówù kó bá yín kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi ọmọ dí àlàfo tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn kan rò pé tí òbí bá fẹ́ràn ọmọ, yóò fà á mọ́ra ni. Èmi fojú ara mi rí bí bàbá mi ṣe fẹ́ràn mi tó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn: wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò sì wá pè mí padà sílé.