Àga Kẹẹ̀ẹ́dógún

Àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n mú fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni orúkọ wa wà lára pátákó ìkéde, tèmi ló kẹ́yìn. Mo wá orúkọ ọ̀rẹ́ mi títí, n kò rí i. Ìwé kejì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ti bá a, lókè téńté: ipò kìíní, máàkì mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Òun ni yóò ṣojú ilé-ìwé wa nínú ìdíje ìṣirò.

Adùn-ún-bá-rìn la máa ń pè é. Bí mo bá ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò, òun ló máa ń ṣe ìkejì. Nígbà tí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ kéde pé àwọn yóò máa fi ọ̀fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣirò ń dà láàmú lẹ́yìn ilé-ìwé, òun ló fà mí lọ sẹ́yìn kíláàsì.

“Ìdánwò àṣekágbá kù sí dẹ̀dẹ̀,” ó ní. “Màmá ẹ ò lówó tó máa fi gba olùkọ́ wá sílé, tèmi náà ò ní. Àwọn tí ò bá gba ogójì nínú ìdánwò ìṣirò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún wa lọ́sẹ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ mú. Jẹ́ ká kọ ọ́ níkọkúkọ, ká jọ wọlé.”

“Ìwọ náà á kọ ọ́ níkọkúkọ?”

“Ṣé mo ti parọ́ fún ẹ rí ni?”

Kò tíì parọ́ fún mi rí lóòótọ́. Bí mo ṣe jókòó nìyẹn, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìdáhùn tí mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Máàkì méjìlélógún ni mo gbà.

Mo bá a níbi ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ike oúnjẹ rẹ̀.

“O mọ̀ pé èsì yìí náà ni wọ́n máa fi mú aṣojú,” ni mo wí.

“Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó jẹ́ akọ̀wé níbí ló sọ fún mi.” Kò gbójú sókè. “Ọdọọdún ni mò ń ṣe ìkejì. Ṣé mo di ọwọ́ ẹ mú kọ ọ́ ni? Ìwọ náà ṣáà ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́.”

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àwọn àgbà ní ọ̀rẹ́ ò dénú. Mo ti rò pé àwọn tí ò mọ ọ̀rẹ́ yàn ni wọ́n ń bá wí. Mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, àmọ́ kí ni mo fẹ́ sọ? Pé a jọ pète irọ́, òun nìkan ló wá kọ òótọ́?

Lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, àga mẹ́ẹ̀ẹ́dógún géérégé ni wọ́n tò. Olùkọ́ ń pín ìwé lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ télọ̀, tó máa ń jókòó sẹ́yìn ní kíláàsì wa, yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé mo lè dúró síbi fèrèsé kí n máa gbọ́? Máàkì mẹ́rìnlélógún ni mo gbà. Wọ́n ní ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ni wọ́n kọ́kọ́ mú, àga sì ti kún kó tó kàn mí.”

Máàkì méjì péré. Èmi tí mo mọ gbogbo iṣẹ́ náà ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi gbẹ̀yìn bẹbọ jẹ́ fún mi, èmi náà sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí. Ojú tì mí. Mo dìde, mo sì jẹ́wọ́.

Olùkọ́ gbọ́ ọ tán, kò pariwo. “Èyí ò ní dá ìdíje padà fún ẹ o. Orúkọ ti lọ. Ọ̀gá àgbà sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tó o ṣe.”

“Mo mọ̀, sà.”

Ọmọ télọ̀ ló jókòó sórí àga kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní kí n fi máa gbá yàrá náà lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀rẹ́ mi lọ síbi ìdíje, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, a kò sì jọ rìn mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ohun tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kò ní, ẹ má bá a dù ú. Bí ẹ bá sì bá ènìyàn pète irọ́, ẹ má ṣe bíi tèmi, kí ẹ wá máa retí òótọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.