Òfin Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

"Lọ́la, oko ta ló kàn?" Wassiou ló béèrè, bó ṣe ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò.

Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe àáró pọ̀ ní Manigri ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ebè iṣu tán lóko Wahab ni. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi kajú, wọ́n ń jẹun. Gbogbo wọn yíjú sí Soulé.

"Ilẹ̀ mi ò tíì yá," Soulé dáhùn.

"Láti ọdún tó kọjá? Ò ń bá wa kọ tiwa, a ò gbọdọ̀ dé tìẹ. Àbí ìyàwó tuntun lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Raïhanatou, ọmọ Soulé, tó ń bu omi fún wọn, kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ ohun tó wà lóko bàbá rẹ̀. Iṣu ló yí etí oko náà ká, ṣùgbọ́n igbó ló wà láàárín, ewé tí àwọn èèyàn ń wé mu bíi sìgá. Ìgbà tí kajú ò mówó wọlé mọ́ ni Soulé bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín. Ìyàwó rẹ̀ ló ń sá a, Raïhanatou ló ń dì í sínú ọ̀rá, oníbàárà kan á sì wá fi alùpùpù kó o lọ. Ibẹ̀ ni owó ilé ìwé ti ń wá. Iṣẹ́ yìí ti mọ́ ọmọ náà lára débi pé kò yàtọ̀ sí ṣíṣa kajú lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Soulé pè é.

"Bí gbogbo wọn bá gbìn ín, a ò ní nǹkan tí à ń fi pamọ́ mọ́. Ìwọ lo mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bá wọn sọ ọ́."

Raïhanatou fẹ́ràn kí àwọn èèyàn dákẹ́ gbọ́ òun. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún nígbà àríyànjiyàn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó dìde láàárín àwọn ọkùnrin náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Ó ní àwọn ìlú kan wà tí ìdílé ti ń dá ilé iṣẹ́ igbó sílẹ̀ ní gbangba, tí wọ́n ń san owó orí, tí wọ́n tún ń fi ṣe oògùn.

"Kí ló dé tí tiwa ò lè rí bẹ́ẹ̀? Àwa àgbẹ̀ ló yẹ ká béèrè fún un."

Òtítọ́ ni gbogbo ìyẹn. Wahab wá nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. Òun ni bàbá Assana, ọ̀rẹ́ tó ń jókòó ti Raïhanatou ní kíláàsì.

"Ọmọ mi, òfin ilẹ̀ wa ńkọ́?"

Raïhanatou mọ̀ pé òfin kò gbà á. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀.

"Ó ń bọ̀ lọ́nà, Bàbá. Wọ́n ti fẹ́ yí i padà."

"Tó bá dé, ẹ ránṣẹ́ pè mí," Wassiou sọ, ó sì dìde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wahab nìkan ló gba irúgbìn lọ́wọ́ Soulé.

Wahab ò fi tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tí òfin ń bọ̀, kí lèèyàn ń fi pamọ́ sí? Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọ̀dà tó lọ sí Bassila ló gbìn ín sí, ó sì fi ẹ̀gún sọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Nígbà tí ewé náà ga dé èjìká, àwọn ọlọ́pàá dúró, wọ́n mú un lọ. Wọ́n bi í léèrè ẹni tó fún un ní irúgbìn. Kò sọ. Òun àti Soulé jọ ń ṣe àáró, kò lè dárúkọ rẹ̀.

Soulé fa tirẹ̀ tu, ó dáná sun ún. "Má lanu o," ó sọ fún ọmọ rẹ̀.

Raïhanatou ò lanu. Kò sunkún. Ó ń jẹun, kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Ní kíláàsì, àyè Assana ṣófo, ó gbé àpò rẹ̀ síbẹ̀, ó ń kọ ohun tí olùkọ́ ń kọ. Nǹkan kan ò dùn ún. Ó dà bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, tí kò mọ̀ bóyá òun ń tẹlẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Assana yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá rẹ̀ ní Bassila.

"Bàbá ní kí n kí ẹ."

"Ara wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n bi ẹ́, ṣé òfin náà ti dé? Tó bá ti dé, kí o bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀ ní Faransé, káwọn fi han ọ̀gá ọlọ́pàá."

Raïhanatou wo abọ́ oúnjẹ tó wà lọ́wọ́ Assana.

"Dúró dè mí," ó ní. "A jọ ń lọ ni."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Bassila, nígbà tí Wahab rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ wa dé!"

Raïhanatou kúnlẹ̀. "Bàbá, òfin kankan ò bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín."

"Irọ́?" Wahab sọ ọ́ bí ẹni tí ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó kọjú sí ògiri.

Raïhanatou yíjú sí ọlọ́pàá. "Bàbá mi ló fún wọn ní irúgbìn. Èmi ni mo sọ pé kò séwu." Ohùn rẹ̀ lọ geere, bíi ti ẹni tó ń kàwé jáde.

Wọ́n mú Soulé lọ́jọ́ náà. Wọn ò tìtorí ìyẹn tú Wahab sílẹ̀, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbìn ín, ṣùgbọ́n adájọ́ dín ìjìyà rẹ̀ kù nítorí pé wọ́n tàn án. Assana padà sílé ìwé, àmọ́ kò jókòó ti Raïhanatou mọ́. Raïhanatou àti ìyá rẹ̀ ló ń dá ebè kọ.

Kò burú kí èèyàn bẹ ìjọba pé kó yí òfin padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má ṣe sọ ohun tó wù yín kó rí bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ó ti rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà tí ò lọ sílé ìwé ń gbà yín gbọ́, ẹni tó bá sì gbà yín gbọ́ jù lọ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.